Ewé Tí Ìwé Ń Pè Ní Ìyanu

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ṣé ẹ mọ ìsàlẹ̀ òkè Mápó n'Íbàdàn, ní Ọjà Ọba, níbi tí àwọn eléwé-ọmọ ń pàtẹ sí? Ewé tó wà lórí àtẹ wọn, kò sí èyí tí kò lórúkọ. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ìwà ewé ni àwọn àgbà wa máa ń wò.

Ẹ wo patanmọ́. Bí ìka bá kàn án báyìí, wéré ni yóò ká ewé rẹ̀ pọ̀, tí yóò sorí kọ́ bí ìyàwó ojú ọ̀nà tó ṣe kòńgẹ́ àna rẹ̀. Àtọ̀húnrìnwá ni, Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àwọn ìyá wa rí i, wọ́n ní ó ń pa itan mọ́. Ní 1753, Carl Linnaeus, ará Sweden tó fún igi àti koríko ayé lórúkọ méjì-méjì, kọ tirẹ̀ sínú ìwé: Mimosa pudica. Onítìjú obìnrin ni pudica lédè Látìnì. Ta ló sọ fún un? Kò dé Ìbàdàn rí, kò gbọ́ Yorùbá! Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Èyí tó wá jù ú lọ ni ewé eéran, tí ẹ fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí ẹ sì ń jù sóde. Ewé rẹ̀ ni a mọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá wọ igbó tó sì bẹ̀rẹ̀ ni yóò rí èso rẹ̀ nísàlẹ̀, pupa, onígun mẹ́ta, kóró dúdú nínú, ìwọ̀nba ẹran funfun díẹ̀ lára kóró. Ẹran kékeré yẹn ni adùn wà: ohun tó ń mú un dùn fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ, kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu. Dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, William Daniell, kọ nípa rẹ̀ ní 1855. Thaumatococcus daniellii ni ìwé ń pè é lónìí, èso ìyanu ti Daniell. Ó dùn mí pé àwọn tó ti ń jẹ ẹ́ kó tó dé kò sí nínú orúkọ náà.

Daniell yìí kan náà ló pe èso mìíràn, àgbáyun, ní Synsepalum dulcificum ní 1852, asọ-nǹkan-di-dídùn. Irọ́ kọ́ o. Ẹ jẹ àgbáyun kan, kí ẹ wá mu ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀lé e, ẹ ó wá kíkan rẹ̀ tì. Bí ẹ bá rí i lọ́jà, ẹ bá mi ra tèmi dání.