Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí Ìwé Ìrajà

Púpọ̀ nínú wa ló máa bá ara wọn lẹ́nu iṣẹ́ ìrajà, yálà ní ilé iṣẹ́ aládàáni, ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì ìjọba. Ọdún kẹrin mi rèé ní ẹ̀ka ìrajà ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó kéré jù ní ọ́fíìsì ni wọ́n sábà máa ń ní kó fọwọ́ síwèé, òun náà sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè bí owó bá di àwátì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a ń lò.

Sourcing àti procurement

Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Sourcing ni wíwá ẹni tí a ó rajà lọ́wọ́ rẹ̀: ta ló ní i, ibo ló ti ń rí i, ṣé ó lè máa kó o wá déédéé? Procurement gbòòrò ju ìyẹn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti sọ pé “a nílò nǹkan báyìí”, kò sì parí títí a ó fi sanwó tí a ó sì fi ìwé rẹ̀ pamọ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Bí a bá gbára lé olùtajà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni iṣẹ́ wa náà máa dúró. Iye ọjọ́ tí ọjà máa gbà kó tó dé ni à ń pè ní lead time. Ẹ máa bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó bèèrè iye owó.

Specification

Èyí ni àpèjúwe ohun tí a fẹ́ rà. Bí ẹ bá kọ “àga 50” lásán, àga oníke, àga ni. Àga onígi náà, àga ni. Ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, gíga rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àpèjúwe tí wọ́n rán mọ́ ẹnì kan lára bí aṣọ ti yan olùborí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Quotation àti tender

Fún ọjà kékeré, a máa ń ní kí olùtajà bíi mẹ́ta kọ iye tí wọ́n máa tà á ránṣẹ́. Quotation nìyẹn. Fún iṣẹ́ ńlá, tender ni: a ó kéde, àwọn agbaṣẹ́ṣe á fi iye tiwọn sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007, tó dá Bureau of Public Procurement sílẹ̀, sọ pé kí ìkéde irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, ó kéré tán, kí wọ́n sì ṣí àpòòwé náà ní gbangba.

Ẹni tó máa gba iṣẹ́ ni òfin náà pè ní lowest evaluated responsive bid. Kì í ṣe ẹni tó dá owó tó kéré jù lé e lásán. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá gbogbo ohun tí a béèrè mu, kí a tó wá wo owó.

Iye tí a rà á àti iye tó máa ná wa

Ká ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan jẹ́ ₦180,000, tí yíǹkì rẹ̀ jẹ́ ₦25,000, tó sì ń tẹ ojú ìwé 500. Èkejì jẹ́ ₦260,000, yíǹkì rẹ̀ jẹ́ ₦20,000, ó sì ń tẹ 2,000. Bí a bá fẹ́ tẹ ojú ìwé 6,000 lọ́dún, a ó ra yíǹkì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀méjìlá, gbogbo rẹ̀ á sì di ₦480,000. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré la ó ra ti èkejì, ₦320,000 ni àpapọ̀. Èyí ni total cost. Ọjà tó dà bí ọ̀pọ̀ lọ́jọ́ tí a rà á lè di ọ̀wọ́n kí ọdún tó yí po.

Ìwé mẹ́ta

Purchase order sọ ohun tí a ní kí wọ́n kó wá. Goods received note sọ ohun tó wọlé ní tòótọ́. Invoice sọ owó tí olùtajà ń béèrè. Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu.

Lọ́jọ́ kan, páálí bébà 60 ló wà nínú ìwé tí awakọ̀ olùtajà kan mú wá. Mo kà á, 54 ni mo bá. Ó ní àwọn máa kó ìyókù wá lọ́la, kí n ṣáà fọwọ́ sí 60. 54 ni mo kọ, mo fi déètì sí i, mo sì ní kí òun náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí invoice dé, 60 ló wà níbẹ̀. Ìwé tí a jọ fọwọ́ sí ni kò jẹ́ kí wọ́n san owó páálí mẹ́fà tí kò dé.

Pípín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́

Bí iṣẹ́ kan bá tóbi ju iye tí ọ̀gá kan láṣẹ láti fọwọ́ sí, àwọn kan á pín in sí mẹ́ta kó má baà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni èyí jẹ́ lábẹ́ abala 58 òfin ọdún 2007. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá rú òfin náà lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, ó kéré tán, láìsí owó ìtanràn, kí iṣẹ́ sì tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é” kò sí nínú ìwé òfin yẹn.

Kò dìgbà tí ẹ bá dé ọ́fíìsì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa bá tún fẹ́ rán aṣọ tàbí gba gbọ̀ngàn, ẹ béèrè ìwé mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́. Owó tí gbogbo wa dá ni.