Inú Wíwú Kì í Ṣe Oyún Nígbà Gbogbo: Jẹjẹrẹ Ilé-Ẹyin àti Ọ̀nà Ìtọ́jú Rẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àrùn kan tí a kì í sábà dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, nítorí pé ibi tí ó ti ń mú obìnrin jẹ́ ibi tí àṣà wa fi aṣọ bò.

Kí n tó ṣe àlàyé kankan, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ìyá kan. Ìbátan ìyá mi ni, ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí. Èlùbọ́ ni ó ń tà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Bí ó bá jẹ òkèlè mẹ́ta, yóò ní òun ti yó. Ó ń tọ̀ léraléra. Àwọn ará ilé ní ọgbẹ́-inú ni. Ó lo oògùn ọgbẹ́-inú. Àwọn mìíràn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó mu àgbo. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé oyún àràmàǹdà ni. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n fa omi inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì; ara fúyẹ́ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bèèrè ibi tí omi náà ti ń sun wá. Nígbà tí ó fi dé Ìbàdàn, oṣù mẹ́wàá ti kọjá, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé: níbo gan-an ni oṣù mẹ́wàá náà lọ? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí.

Orúkọ àti ìṣesí àrùn náà

"Ilé-ọmọ" ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pe gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ikùn obìnrin. Ṣùgbọ́n ilé-ọmọ yàtọ̀ sí ilé-ẹyin. Ilé-ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé-ọmọ, èkejì lápá òsì; ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju obì kan lọ. Níbẹ̀ ni ẹyin ti ń jáde lóṣooṣù, tí ó ń gba inú ọ̀pá tín-ín-rín kan lọ sí ilé-ọmọ. Ìwádìí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ti fi hàn pé irú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tí ó wọ́pọ̀ jù, tí ó sì le jù, ní ẹnu ọ̀pá yìí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa fọ́n ká inú ikùn bí irúgbìn. Nítorí pé àyè pọ̀ nínú ikùn, kò tètè dun ènìyàn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ obìnrin, ní ilẹ̀ yìí àti ní òkè òkun, ni kì í mọ̀ títí yóò fi tàn kálẹ̀.

Àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ṣírò pé ní ọdún 2022, àrùn yìí mú bí 324,000 obìnrin ní gbogbo ayé, ó sì pa bí 207,000.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: èé ṣe tí a kò fi máa yẹ gbogbo obìnrin wò kí àrùn tó hàn? Wọ́n ti dán an wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 2001 àti 2005, wọ́n kó àwọn obìnrin tí ó lé ní 200,000 jọ; wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wò lọ́dọọdún, wọ́n ń ya àwòrán inú àwọn mìíràn, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ láìyẹ̀ wò. Nígbà tí èsì jáde ní 2021, iye àwọn tí àrùn náà pa kò dín kù nítorí àyẹ̀wò náà. Nítorí náà, kò tíì sí ajọ̀ tí a lè fi jọ̀ ọ́. Ohun tí ó kù ni kí a mọ àmì rẹ̀.

Àmì mẹ́rin ni: inú wíwú tí kì í rọlẹ̀, ìrora nísàlẹ̀ ikùn, kí ènìyàn máa tètè yó, àti ìtọ̀ léraléra. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì nínú wọn, òun ni wọ́n fi ń tan ni jẹ. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2011 ni pé bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá ń ṣe obìnrin ju ìgbà 12 lọ láàárín oṣù kan, pàápàá bí ó bá ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sì fura, kí wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀.

Ìtọ́jú tí ìwádìí ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sí ìtọ́jú jẹjẹrẹ láìsí ẹ̀rọ ńlá tí ń fi ìtànṣán jó o. Ní ti jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ni ìtọ́jú rẹ̀ fi ń rìn: ọ̀bẹ àti oògùn. Iṣẹ́ ọ̀bẹ ni láti yọ gbogbo èyí tí ojú bá rí. Bí ìyókù bá ṣe kéré tó ni ẹ̀mí aláìsàn ṣe ń gùn tó. Nítorí náà, ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ la ikùn náà ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì bá là á, tí ó gé díẹ̀, tí ó rán an padà, ó ti ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ti oògùn, 1978 ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí cisplatin; àbúrò rẹ̀, carboplatin, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ni ara lára, ni wọ́n ń lò jù báyìí. Wọ́n fi paclitaxel kún un lẹ́yìn náà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń fà wọ́n sínú iṣan, ìgbà mẹ́fà lápapọ̀. Wọ́n wà nínú ìwé oògùn kò-ṣeé-mánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ìwádìí méjì, ọ̀kan ní 2010, èkejì ní 2015, tún fi hàn pé bí àrùn bá ti tàn, tí ara aláìsàn kò sì lè gba ọ̀bẹ lójú ẹsẹ̀, a lè kọ́kọ́ fún un ní oògùn lẹ́ẹ̀mẹta, kí a ṣe iṣẹ́ abẹ, kí a sì parí oògùn yòókù; ẹ̀mí rẹ̀ kò ní kúrú ju ti ẹni tí a kọ́kọ́ là lọ.

Èyí tí ó tún jẹ́ tuntun ni ti àjogúnbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé ti Yunifásítì Chicago, ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ obìnrin Nàìjíríà 1,136 tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú wò. Ní 2018, wọ́n kéde pé bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jogún àbùkù nínú àbùdá. 7 nínú wọn jẹ́ ti BRCA1. Àbùkù BRCA1 kan náà ni ó lè fa jẹjẹrẹ ilé-ẹyin: nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ó bá jogún rẹ̀, bí 44 ni àrùn náà yóò mú kí wọ́n tó pé ọgọ́rin ọdún. Oògùn oníhóró kan, olaparib, wà fún irú wọn lẹ́yìn ìtọ́jú àkọ́kọ́. Nínú èsì tí ó jáde ní 2022, 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lò ó ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún méje. Àwọn tí a kò fún kò tó 47. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé wa lọ.

Òkè-Ògùn àti ọ̀nà tí ó jìn

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà ní Òkè-Ògùn, ilẹ̀ tí ń bọ́ púpọ̀ nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ṣakí àti ní Ìsẹ́yìn, ti Onítẹ̀bọmi sì wà ní Ṣakí. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, tí wọ́n ṣí ní 1957, Ìbàdàn ni ó wà. Ìsẹ́yìn jìn sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 100 kìlómítà bí a bá gba Ọ̀yọ́. Ṣakí sì tún wà níwájú, lápá ààlà Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí yóò gba oògùn lẹ́ẹ̀mẹfà yóò rin ọ̀nà náà ní àlọ àti àbọ̀ nígbà méjìlá.

Owó ńkọ́? Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì fi ń sanwó. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn aláìní tí ó ní jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ àti ti kókó abẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ti ilé-ẹyin kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sórí oṣù mẹ́wàá ti ìyá yẹn. Mo jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀, a sì kà á. Oṣù mẹ́rin lọ nínú ilé, lórí oògùn ọgbẹ́-inú àti àgbo. Oṣù mẹ́ta lọ láàárín ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fa omi àti ìgbà tí wọ́n tún un fà. Oṣù mẹ́ta lọ níbi wíwá owó. Ìrìn-àjò sí Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Ọ̀nà jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ni ó jí oṣù wọ̀nyẹn gbé.

Ìkádìí

Nítorí náà, àbá mẹ́rin ni mo ní. Èkínní, kí a máa dárúkọ àmì mẹ́rin yẹn ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí àti lórí rédíò, ní èdè tí ìyá elélùbọ́ gbọ́. Èkejì, kí obìnrin tí ó ti tó àádọ́ta ọdún, tí inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, ya àwòrán inú ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí a má ṣe fa omi inú ẹnikẹ́ni dànù láìfi díẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí a má sì ṣe la ikùn náà láìkọ́kọ́ bá àwọn ọ̀gá Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà Òkè-Ògùn láti máa fún aláìsàn ní oògùn nítòsí ilé, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Ìbàdàn, kí ìrìn-àjò mẹ́fà lè di méjì. Ẹ̀kẹrin, kí ìdílé tí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé-ẹyin ti mú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn má ṣe fi í pamọ́ fún àwọn ọmọbìnrin ilé, nítorí ẹni tí ó bá mọ̀ lè dáàbò bo ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti bímọ tán.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá tètè dé ni yóò yè. Àrùn yìí a máa padà, kódà lára àwọn tí ìtọ́jú wọn dára. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ni ó mọ ìtumọ̀ òwe yìí jù: àìtètè mólè, olè ń mú olóko.