Ṣé Dandan Ni Kí A Náwó Sí Eyín?

 

Ọ̀rọ̀ eyín ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé kì í ṣe eyín wa ni dókítà eyín ń wò, àpò wa ló ń wò. Ènìyàn lè wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá nítorí eyín kan ṣoṣo, kí wọ́n sọ fún un pé mẹ́ta ló bàjẹ́. Iye tí wọ́n pè á wá ju owó àgbàdo tó tà lọ. Á dìde, á padà sílé. Ṣé òmùgọ̀ ni ẹni bẹ́ẹ̀? Rárá o. Ẹni tó bá béèrè kí ó tó náwó kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ ohun tí yóò béèrè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí eyín ṣe ń bàjẹ́.

Èèpo òde eyín ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Lábẹ́ rẹ̀ ni ibi tó rọ̀ díẹ̀ wà. Ní àárín ni iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, wọ́n sì gba inú gbòǹgbò eyín dé inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí a bá jẹ ohun dídùn, ṣúgà á kù lára eyín. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú wa kò lè rí á jẹ ṣúgà náà, wọ́n á sì tu omi kíkan jáde. Omi kíkan yìí ló ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà wa ń pe àìsàn yìí ní akòkòrò, wọn kò sì jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìdin nínú eyín. Bí ẹnì kan bá fi oògùn sí yín lẹ́nu, tó sì fi ìdin hàn yín lórí òwú, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdin náà ti wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, eyín kì í ro wá. Àmì funfun kékeré kan ló máa ń hàn lára rẹ̀. Ihò kò tíì sí níbẹ̀. Ní àkókò yìí, bí a bá ń fọ eyín dáadáa, tí a sì dín ohun dídùn kù, ibẹ̀ lè tún le padà. Dókítà kò ní ohun kan láti gbẹ́ níbẹ̀. Bí a kò bá ṣe é, ihò á dá. Omi tútù á máa ta wá, ohun dídùn á máa ta wá. Lẹ́yìn èyí ni ihò náà á dé ibi iṣan. Ìgbà náà ni oorun á dá lójú ẹni. Eyín á máa ro lóru, á máa sọ kùlùkùlù.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìrora náà lè lọ pátápátá. Ibí gan-an ni ìjà àárín àwa àti dókítà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lo ewé á ní ewé ló wò ó. Ẹni tó gbàdúrà á ní àdúrà òun gbà. Ẹni tó ra hóró oògùn lọ́jà á máa yin ẹni tó tà á fún un. Bí dókítà bá wá sọ pé eyín náà ṣì nílò ìtọ́jú, wọ́n á ní jìbìtì ni. Eyín tí kò ro mọ́, kí ni a tún fẹ́ fi owó tọ́jú nínú rẹ̀?

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Iṣan inú eyín ló kú. Òkú kì í ké. Eyín náà kò sàn rárá. Àwọn kòkòrò á gba inú gbòǹgbò sọ̀kalẹ̀, ọyún á sì gbá jọ sínú egungun. Ó lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ó tilẹ̀ lè tó ọdún, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú lójijì. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ pé eyín tí kò ro mọ́ ṣì ní àìsàn, ó lè jẹ́ òtítọ́ ló ń sọ.

Ẹ wo bí owó náà ṣe ń gòkè. A kì yóò kọ iye kankan síbí, nítorí kò dọ́gba láti ibì kan sí èkejì. Ihò kékeré, dídí ni wọn yóò dí i. Ìyẹn kì í ṣe owó ńlá. Ọ̀nà kan tilẹ̀ wà tí kò nílò iná mànàmáná tàbí ẹ̀rọ. Irin kékeré ni wọ́n fi ń ha ibi tó ti rà kúrò, wọ́n á wá fi ohun kan bí sìmẹ́ńtì dí i. Orílẹ̀-èdè Tansaníà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1985. Ní ọdún 1994, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé e lárugẹ fún àwọn ìletò. Ní 2021, àjọ náà fi ohun tí wọ́n fi ń dí ihò náà sínú ìwé àwọn oògùn tó ṣe kókó. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe é níbi tí ẹ lọ.

Bí ihò bá ti dé iṣan, ọ̀nà méjì ló kù. Wọ́n lè fọ inú eyín títí dé gbòǹgbò, kí wọ́n dí i, kí wọ́n sì dé e bíi fìlà. Èyí ló wọ́n jù. Tàbí kí wọ́n yọ eyín náà. Yíyọ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń tán àìsàn náà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò lówó. Ṣùgbọ́n àyè á ṣófo, àwọn eyín ìtòsí lè tẹ̀ sí ibẹ̀, ẹran líle á sì di ìyọnu.

Àwọn ohun kan wà tí kò pọn dandan, bó ti wù kí wọ́n tà á fún wa tó. Eyín wúrà, ẹ̀ṣọ́ ni. Kí wọ́n sọ eyín di funfun bí òwú, ẹ̀ṣọ́ ni. Dúdú tí obì àti tábà fi sílẹ̀ kì í ṣe ihò, fífọ ló nílò. Eyín tí wọ́n ti dí tẹ́lẹ̀, tí kò mì, tí kò sì ro, kò yẹ kí wọ́n tú u láìsí ìdí. Kódà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà ti máa ń yọ eyín ìkẹyìn tí kò ní àìsàn kankan. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba wọn nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú ní kí wọ́n ṣíwọ́. Ní 2004, ìgbìmọ̀ náà tún sọ pé kì í ṣe dandan kí gbogbo ènìyàn máa lọ fi eyín han dókítà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí ara àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí ni. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọdún méjì. Ẹ rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣiyèméjì.

Ẹni tó sọ pé nǹkan bàjẹ́ ni ẹni tí a ó sanwó fún láti tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni mẹkáníìkì alùpùpù. Kí ni a máa ń sọ fún mẹkáníìkì? À ń ní kí ó fi ibi tó bàjẹ́ hàn wá. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà pẹ̀lú, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ẹ ní, «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dígí hàn mí.» Bí ó bá ya fọ́tò inú eyín, ẹ ní kí ó fi hàn yín. Ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá dúró di ìgbà ìkórè. Ẹ béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí kò wọ́n tó èyí. Bí eyín mẹ́ta bá bàjẹ́, èwo ni kò lè dúró? Dókítà tó dára kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tó bá bínú, tó sì ń sọ pé kí ẹ sanwó lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ fi eyín han ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú dé ojú tàbí dé abẹ́ àgbọ̀n, tí ara gbóná, tí ẹnu kò là tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ẹ má dúró ṣe ìṣirò owó. Àìsàn náà lè pa ènìyàn. Bákan náà, bí egbò bá wà ní ìdí eyín ọmọ kékeré, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń wú, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ àìsàn tí ń jẹ ojú ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní noma. Bí wọ́n bá tètè fún un ní oògùn, ó ń sàn.

Ẹ má da omi bátìrì sínú ihò eyín. Ẹran ẹnu ló ń jó. Hóró oògùn aláwọ̀ pupa àti ìyeyè tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè dí ihò. Bí aláboyún tàbí ọmọ kékeré bá lo èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tétracycline, ó lè ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́ títí ayé.

Pákò dára bí a bá rọra fi í fọ gbogbo eyín, títí dé àwọn ti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń ra ọṣẹ ìfọyín, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí: FLUOR. Òun ló ń mú kí èèpo eyín le.

Bí dókítà bá pe iye owó fún yín, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sí ìwé: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì, a ó jọ kà á.