Kí owó tó jáde lórí klarinẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹnu fèrè ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi orin jẹun, yálà ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin tó ń lọ sóde àríyá, olùkọ́ tó ṣí iléèwé orin kékeré, tàbí ẹni tó ń ta ohun èlò orin, ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ọmọ tó ń fọn klarinẹ́ẹ̀tì ti lo ọdún kan tàbí méjì lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ orin, ìka rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n ohùn fèrè rẹ̀ ò kún. Nígbà mìíràn, fèrè náà á ṣàdédé han gooro láàárín orin, ojú á sì ti gbogbo ẹgbẹ́ níwájú ẹni tó háyà wọn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé fèrè ti gbó, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ara fèrè ló níṣòro, ẹnu rẹ̀ ni.

Ẹnu fèrè ni apá tí onífèrè ń fi sẹ́nu. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń de rídì mọ́, ìyẹn pelebe kan tí wọ́n gé lára ọ̀pá tó jọ ọparun. Bí atẹ́gùn bá ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rídì yìí kọjá, á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ni ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ti wọ́, kò sí bí igi olówó gọbọi tó wà nísàlẹ̀ ṣe lè tún un ṣe tán. Klarinẹ́ẹ̀tì igi tí àwọn àgbà onífèrè ń lò lè gbà ju 3,000 dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ ojúlówó ẹnu fèrè wà tí kò ju bíi 100 sí 200 dọ́là. Ẹni tó bá mọ ìṣirò owó á mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìgbà wo ló yẹ láti pààrọ̀ rẹ̀?

Klarinẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú máa ń bá ẹnu fèrè oníke wá láti iléeṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn kò gún régé: ẹ̀gbẹ́ kan á ga ju èkejì lọ, rídì ò sì ní lè jókòó dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò èyí tó wọ́n láti fi rọ́pò rẹ̀. Yamaha 4C, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀ dáadáa, ń wà lábẹ́ 50 dọ́là, ó sì tó ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lò fún ìgbà pípẹ́.

Ó di ìgbà tí ọmọ náà bá lè fa ohùn kan gùn láì mì, tó lè ti ohùn ìsàlẹ̀ bọ́ sí tòkè láì já, tí ètè rẹ̀ sì ti le, kí ọ̀rọ̀ èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ tó wáyé. Bí kò bá tíì lè ṣe wọ̀nyí, olùkọ́ ló nílò, kì í ṣe ọjà.

Àlàfo kékeré tó ń da nǹkan rú

Ohun àkọ́kọ́ tó ya ẹnu fèrè kan sọ́tọ̀ sí òmíràn ni àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó rẹ̀ àti ṣóńṣó rídì. Ti Yamaha 4C jẹ́ 1.05 mílímítà. Iléeṣẹ́ Vandoren, tí Eugène Van Doren dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1905, ń ṣe oríṣiríṣi: 5RV Lyre jẹ́ 1.095, BD5 jẹ́ 1.13, M30 jẹ́ 1.15, B45 sì jẹ́ 1.195. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 4C àti B45 kò nípọn tó bébà méjì, ṣùgbọ́n ètè mọ̀ ọ́n.

Bí àlàfo bá fẹ̀, ohùn á lè pọ̀, onífèrè á sì lè yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe wù ú, àmọ́ ó máa ń gba atẹ́gùn àti agbára ètè. Bó bá há, ohùn á dúró sójú kan, ó sì rọrùn láti kó níjàánu. Èyí ló fà á tí rídì fi gbọ́dọ̀ bá ẹnu fèrè mu. Àlàfo tó fẹ̀ ń fẹ́ rídì tó rọ̀ díẹ̀, èyí tó há ń fẹ́ rídì tó le. Ẹni tó bá gbé B45 lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rídì nọ́ńbà 2½. Lórí 5RV Lyre, nọ́ńbà 3 sábà máa ń bá a mu. Ọ̀pọ̀ ló ti dá ẹnu fèrè lẹ́bi, tó jẹ́ pé rídì tí kò bá a mu ló ń dà wọ́n láàmú. Fún ẹni tó ṣì ń dàgbà nínú iṣẹ́, ààrin gbùngbùn ló dára jù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù tún wà níbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá máa ń ti iléeṣẹ́ wá lórí ìwọ̀n ohùn 440, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Yúróòpù sábà máa ń lo 442. Vandoren ní àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Series 13, tí wọ́n ṣe fún 440. Ẹni tó bá ń bá kíbọ́ọ̀dù ṣeré ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹ kó bèèrè èyí. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe láti fa oríkèé fèrè jáde díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀, àmọ́ bó bá ti pọ̀ jù, àwọn ohùn kan á bá kíbọ́ọ̀dù mu, àwọn mìíràn ò ní bá a mu mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò

Onífèrè fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dán an wò, lórí fèrè tirẹ̀, pẹ̀lú rídì tuntun méjì tàbí mẹ́ta. Kó fọn ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, kó gòkè dé òpin, kó fọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó tún fọn sókè. Kó fi ahọ́n gé ohùn kéékèèké, kó wò ó bóyá á tètè dáhùn. Kí ẹlòmíràn dúró lọ́ọ̀ọ́kán máa gbọ́ ọ, nítorí ohun tí onífèrè ń gbọ́ nínú orí ara rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń dé etí oníbàárà. Ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn sì wà lórí fóònù. Kì í ṣe èyí tó pariwo jù ló dára jù. Bí nọ́ńbà kan náà bá wà lórí àtẹ ní mẹ́ta, kó dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, torí wọn kì í rí bákan náà délẹ̀délẹ̀.

Kó yẹ ṣóńṣó rẹ̀ wò lábẹ́ iná. Bó bá ti họ tàbí tó sán níbi kékeré, kó fi sílẹ̀, kódà bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù. Bí ẹnìkan bá sì gbé èyí tí orúkọ ńlá wà lára rẹ̀ wá ní ìdá mẹ́rin owó rẹ̀, kó fura. Bákan náà, ẹnu fèrè sasofóònù tàbí ti klarinẹ́ẹ̀tì ńlá kò ṣeé lò lórí klarinẹ́ẹ̀tì B-flat tó wọ́pọ̀.

Fún olùkọ́ àti oníṣòwò

Olùkọ́ tó ní fèrè mẹ́ta fún ọmọ mẹ́sàn-án lè jẹ́ kí wọ́n máa pín fèrè lò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n pín ẹnu fèrè. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, nítorí àìsàn ń gba itọ́ ràn. Bí gbogbo wọn bá ń lo oríṣi kan náà, rídì irú kan náà ni olùkọ́ á máa rà ní páálí, èyí tó máa ń ní mẹ́wàá nínú, ìdínkù owó sì wà nínú èyí.

Ìtọ́jú kò ná ni lówó púpọ̀. Omi tútù tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná máa ń ba rọ́bà líle jẹ́, á pa àwọ̀ rẹ̀ dà, á sì lè mú kó wọ́. Kí wọ́n máa tú rídì kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn eré, kí wọ́n sì fi ìdérí bò ó. Ẹnu fèrè tí wọ́n tọ́jú báyìí lè pa owó wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó bá sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ṣóńṣó rẹ̀ sán, òmíràn ni wọn yóò rà.