Kẹ̀kẹ́ Ńlá tí Ń Gbé Ènìyàn Ròkè

Òbí tí ó bá ti mú ọmọ láti Ìkòyí-Ilé tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ dé ọgbà ìgbafẹ́ Transwonderland ní Ìbàdàn rí yóò mọ kẹ̀kẹ́ tí à ń wí: kẹ̀kẹ́ irin gíga tí a so àga mọ́ yíká, tí ń gbé ènìyàn ròkè, tí ó sì tún ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. George Ferris, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe èyí tí ó lókìkí jù, ní Chicago ní ọdún 1893. Ẹsẹ̀ bàtà 264 ni gíga rẹ̀. William Sullivan, ẹni tí ń ṣe afárá, gùn ún, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní 1900 ó ṣe kékeré, alága 12, tí a lè tú palẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn.

Iṣẹ́ àwọn tí ń bá irú èyí kiri kò rọrùn bí ojú ti rí i. Bí èrò bá kún apá kan, tí apá kejì ṣófo, ẹ̀gbẹ́ tí ó wúwo yóò máa fa kẹ̀kẹ́ wálẹ̀, yóò sì ni ẹ̀rọ àti ìjánu lára. Nítorí náà òṣìṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ yóò fi ojú wọn ìwúwo èrò. Yóò fi díẹ̀ síhìn-ín, yóò yí i, yóò sì fi díẹ̀ sí òdìkejì. (Ìyá ni í sábà gùn ún, bàbá a máa dúró nílẹ̀ di àpò mú.) Bí wọ́n bá sì kó o dé ìlú titun, gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ ni a óò tún fún le. Ní tiwa, a óò kọ́kọ́ béèrè bóyá òṣìṣẹ́ ti yí i lófìfo ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí a tó gbé ọmọ lé àga.