Ọ̀wẹ̀, Àjọ àti Ìtọrẹ: Èdè-Ìperí fún Ìkówójọ Aláàánú lórí Ẹ̀rọ Ayélujára ní Ọ̀tà

Iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ àwọn ọ̀rọ̀ kan wò, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń lò nígbà tí wọ́n bá ń tọrọ owó lọ́wọ́ ará ìlú lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà ni a fi ṣe ibùdó àlàyé wa. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́tà sì ni ọba rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀, ará Ẹ̀gbá, Yewa, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ògù, Ìgbò àti Haúsá ni ó ń gbé pọ̀ nínú ìlú náà. Òṣìṣẹ́ tí ń yọ́ irin, ẹni tí ń rọ ohun mímu sínú ìgò, obìnrin tí ń ta ata ní ọjà Ṣàngó, àti olùkọ́ ní Yunifásítì Covenant tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, lè wà nínú agbo WhatsApp kan náà. Bí ìkéde ìtọrọ owó bá dé inú irú agbo bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn yóò fi túmọ̀ rẹ̀ fún ara wọn. Inú ìtumọ̀ yìí gan-an ni ìṣòro wà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà gbájú mọ́. Ọ̀rọ̀ owó àánú kò sí lára iṣẹ́ tí ó gbé dání, a kò sì lè bá a wí fún èyí. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó fi lélẹ̀ wúlò fún wa: kí a kọ́kọ́ wo inú èdè fúnra rẹ̀ kí a tó yá ọ̀rọ̀ lò, kí a má sì ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ru ẹrù méjì nínú ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo.

Àjọ tí kì í ṣe àjọ

Ọ̀rọ̀ tí ó ń ru ẹrù méjì níhìn-ín ni àjọ. Nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, "àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba" ni a ń pe ẹgbẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ láìwá èrè. Lẹ́nu ará ọjà ẹ̀wẹ̀, àjọ ni owó tí alájọ ń gbà lójoojúmọ́, tí yóò dá padà fún olówó ní ìparí oṣù lẹ́yìn tí ó bá ti yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Èsúsú yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé yíyí ni ó ń yí láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, nínú méjèèjì, ẹni tí ó dá owó mọ̀ pé òun yóò kó owó òun.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹgbẹ́ kan kọ ìkéde báyìí: "Ẹ dáwó sí àjọ wa, kí àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lè padà sí ilé-ẹ̀kọ́." Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú gbólóhùn yìí. Ṣùgbọ́n bí ìyá aláta bá bèèrè pé, "Ìgbà wo ni n ó kó o?", ìbéèrè tí ó bá èdè mu ni ó bèèrè. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà, dá, kó sínú ìṣòro yìí pẹ̀lú, nítorí pé a ń dá àjọ, a ń dá èsúsú, a sì ń dá owó fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé àìmọ̀wé ni ó ń yọ obìnrin náà lẹ́nu kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Kì í ṣe àròjinlẹ̀ lásán ni èyí. Ní ọdún 2015 ni ètò MMM wọ Nàìjíríà, tí ó ń ṣèlérí èlé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kò pè é ní báǹkì. Ìrànlọ́wọ́ láàárín ara ẹni ni wọ́n pè é. Ẹni tí ó bá san owó sínú rẹ̀, wọ́n ní ó "ṣe ìrànwọ́". Ẹni tí ó bá gba owó, wọ́n ní ó "gba ìrànwọ́". Orí WhatsApp àti Facebook ni ọ̀rọ̀ náà ti ràn bí iná ọyẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn. Ohun tí ó kàn wá nínú ìtàn yìí ni pé èdè àánú ni a fi ṣe òwò èlé. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ olóòótọ́ tí ó bá kọ "ẹ ṣe ìrànwọ́" sójú òpó rẹ̀ ń jẹ nínú ìfura tí kò gbìn.

Èrò wa ni pé kí a fi àjọ sílẹ̀ fún alájọ nínú ọ̀rọ̀ ìkówójọ. Kí a pe irú ẹgbẹ́ tí a ń wí yìí ní ẹgbẹ́ aṣoore. Ní ti owó tí a fi sílẹ̀ láìretí pé yóò padà, ọrẹ ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi fóònù kọ Yorùbá kì í fi àmì ohùn sí i. Bí a bá kọ "ore" láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọrẹ ni, tàbí ọ̀rẹ́, tàbí oore tí lẹ́tà kan bọ́ nínú rẹ̀? Nítorí náà ni a ṣe yan ìtọrẹ, tí ojú kò lè ṣì í mọ̀ bí ó tilẹ̀ wà láìsí àmì. Sàráà kò ní ṣe é lò fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé ó ti bá ẹ̀sìn àti àdúrà rìn jìnnà.

Ọ̀wẹ̀ owó

Ọ̀nà ìkówójọ tí ó gbilẹ̀ jù lórí ẹ̀rọ ayélujára ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọn kò mọ ara wọn fi owó díẹ̀díẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Àwọn kan ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí "ìkówójọ èrò", èyí tí kò dùn létí. Ọ̀wẹ̀ owó ni a dábàá. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Gbèsè ni àáró: bí o bá ro oko mi lónìí, n ó ro tìrẹ lọ́la. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀ ọ̀wẹ̀ yóò dá ọjọ́, yóò sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí a ṣe, ìbáà ṣe òrùlé ni tàbí ebè. Yóò wá oúnjẹ àti ohun mímu. Àwọn tí ó wá yóò sì fi ojú ara wọn rí i pé iṣẹ́ náà parí. Ìkéde, ọjọ́, iṣẹ́ tí a dárúkọ, ìmoore, àti fífi ojú rí: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ètò ìkówójọ òde òní lè fò dá. Ní tiwa, a rò pé èyí tí ó gbẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbàgbé. Wọ́n ti jẹ iṣu tán, wọn kò fi oko han ẹni tí ó bá wọn ro ó.

Ẹnìkan lè wí pé àna, ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni a ń bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀, kì í ṣe àjèjì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń sọ ara wọn di ojúlùmọ̀ kí wọ́n tó tọrọ. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá Africa Leadership Forum sílẹ̀ ní ọdún 1988, inú oko rẹ̀ ní Ọ̀tà ni a ti ń pe àwọn ènìyàn jọ láti jíròrò. Ojú ń mọ ojú nígbà náà. Lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká ti dé ní ọdún 2001, tí WhatsApp sì tẹ̀ lé e ní 2009, ojúlùmọ̀ di ohun tí a lè ní láìrí ara ẹni. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lórí fóònù wúlò púpọ̀ ní ìlú bí Ọ̀tà, nítorí pé ẹni tí kò lè ka ìwé lè gbọ́ ọ, kí ó sì mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Àpẹẹrẹ ọ̀wẹ̀ owó tí ó hàn kedere jù lọ ní ilẹ̀ wa ni ti Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí a dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2020. Nígbà ìwọ́de lòdì sí ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, orí Twitter ni wọ́n ti tọrọ owó fún ìtọ́jú àwọn tí ó fara pa, agbẹjọ́rò fún àwọn tí a mú, àti oúnjẹ. Nígbà tí ọ̀nà ìsanwó tí wọ́n ń lò dí, wọ́n yí sí Bitcoin. Owó tí wọ́n rí lé ní mílíọ̀nù náírà 147. Wọ́n ń gbé ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde síta kí gbogbo ayé rí i, ní ọjọ́ 22 oṣù náà ni wọ́n sì kéde pé àwọn kò gba owó mọ́. Ìjíhìn ni orúkọ ohun tí wọ́n ṣe yìí. Kí a má ṣe pè é ní ìròyìn owó, nítorí pé a lè ròyìn owó fún ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ láti bi wá léèrè.

Ọ̀rọ̀ ìjíhìn ni ó bí méjì mìíràn tí a nílò. Èkíní ni owó adárúkọ-iṣẹ́, èyí tí olùtọrẹ fi sílẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo, tí a kò gbọdọ̀ ná sórí òmíràn. Nígbà tí Davido fi eré bèèrè owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, kò dárúkọ àánú kankan; lẹ́yìn náà ni ó kéde pé òun yóò fi tòun kún un, kí àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí lè gba mílíọ̀nù náírà 250. Ìyípadà sí rere ni, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ẹgbẹ́ tí ó gba owó oògùn, tí ó sì fi ra ọkọ̀, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bákan náà. Èkejì ni ẹ̀tọ́ alákòóso, ìyẹn owó iná, ọ́fíìsì àti òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń fi èyí pamọ́ bí ẹni pé olè ni. Kí ni wọ́n ń bẹ̀rù? Alájọ ń yọ ti ọjọ́ kan, ọjà sì mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọ̀rọ̀ ojú òpó

A ó fi ẹsẹ̀ kan kọjá lórí àwọn yòókù. "Ẹ pín in" kò dára fún ìkéde ìtọrọ owó, nítorí pé owó ni a ń pín. "Ẹ tari rẹ̀ síwájú" sàn jù. "Ọmọlẹ́yìn" ti di ti ẹ̀sìn, pàápàá ní Ọ̀tà níbi tí ilé ìjọsìn Faith Tabernacle wà láti ọdún 1999. Olùtẹ̀lé ni kí a pe ẹni tí ń wò, kí a sì fi alátìlẹ́yìn sílẹ̀ fún ẹni tí ń fi owó tàbí agbára rẹ̀ sílẹ̀; ẹgbẹ́ tí ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá olùtẹ̀lé lè má ní ogún alátìlẹ́yìn. Ní ti àmì # tí a fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, bí irú èyí tí ayé fi bèèrè àwọn ọmọbìnrin Chibok ní ọdún 2014, a mọ̀ pé ó ń wu àwọn kan láti pè é ní àrokò. A kò fara mọ́ ọn. Àrokò ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ àmì yìí ni láti kó àjèjì jọ. Àmì ìkójọ ni a dábàá.

Ó ku ìyọ̀ǹda. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ lórí ìsọfúnni ọmọdé, àwòrán sì wà lára rẹ̀. Bí ìyá kan bá gba àpò ìrẹsì, tí a wí fún un pé "ẹ jẹ́ kí a ya ọmọ yín", tí ó sì ní "kò burú", gbígbà ni ó gbà. Kò tíì yọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda ni kí ó mọ̀ pé àwòrán náà yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀, pé ó lè wà níbẹ̀ títí ọmọ yóò fi dàgbà, àti pé bí òun bá kọ̀, ìrẹsì òun kò ní tìtorí rẹ̀ dínkù. A rọ àwọn atúmọ̀ èdè tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí láti kọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sì kà wọ́n sókè sí ìyá náà létí kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà.