Àwòrán Aṣojú: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tuntun fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Ọ̀pọ̀ òbí ní Ajégúnlẹ̀ àti ní Àpápá ni ọkàn wọn kì í balẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí ọmọ wọn tí ó tẹjú mọ́ fóònù ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń fi ìka ya orí ènìyàn, tí ó ń pa á rẹ́, tí ó sì tún ń yà á. Àwọn mìíràn a ní eré ọwọ́ dilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí á tó dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ó tọ́ kí á bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé iṣẹ́ tí oníbàárà gbé fún un ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni yíya àwòrán aṣojú fún àwọn tí ń ṣeré gẹ́èmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó ṣe àlàyé níhìn-ín ohun tí àwòrán náà jẹ́, bí a ti ń ṣe é, àti ohun tí ayàwòrán ní láti kíyè sí kí òógùn ojú rẹ̀ má baà ṣòfò.

KÍ NI ÀWÒRÁN AṢOJÚ?

Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ẹni tí ń ta ayò ń rí ojú ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, a rí i. Bí ó bá bínú, a mọ̀. Gẹ́èmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè wà ní Ajégúnlẹ̀, kí èkejì wà ní London, kí ẹ̀kẹta wà ní Tokyo, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ wà nínú eré kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, láìrí ojú ara wọn. Nítorí náà ni olúkúlùkù ṣe ń fi àwòrán kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ó lè dúró gẹ́gẹ́ bí ojú rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́. Àwòrán yìí ni wọ́n ń pè ní áfátà, tí àwa sì pè ní àwòrán aṣojú.

Inú èdè Sanskrit ti ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí òrìṣà sọ̀ kalẹ̀ wá sí ayé nínú ara tí ojú lè rí. Chip Morningstar àti Randy Farmer, àwọn tí ó ṣe gẹ́èmù Habitat ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà fún àwòrán tí ó dúró fún ẹni tí ń ṣeré.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal, ẹni tí ó ti kọ̀wé púpọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ṣe àlàyé pé inú à-wò-rántí ni ọ̀rọ̀ náà àwòrán ti wá: ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Ère ìbejì tí àwọn baba wa gbẹ́ kì í ṣe fótò ọmọ tí ó kú, ṣùgbọ́n ilà ojú, irun orí àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀ ń sọ ìdílé tí ọmọ náà ti wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán aṣojú. Kò pọn dandan kí ó jọ ẹni tí ó ni ín bí ìgbà tí a wo dígí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí í ṣe.

Yíya ojú ènìyàn fún oníbàárà ti pẹ́ ní Èkó pẹ̀lú. Aina Onabolu (1882–1963), ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ àwòrán. Ní ọdún 1906 ni ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ọdún 1920 ni ó sì tó lọ sí London láti fi ẹ̀kọ́ kún ìmọ̀ rẹ̀. A sì tún ní àwọn tí ń ya pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀: wọn a ya oríṣiríṣi irun sí i, wọn a sì fi nọ́ńbà sí i, kí oníbàárà lè fi ìka tọ́ka sí èyí tí ó wù ú. Ẹsẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni ọmọ tí ń ya áfátà lónìí ń tọ̀. Ohun èlò nìkan ni ó yàtọ̀.

ÌDÍ TÍ ÈNÌYÀN FI Ń SANWÓ FÚN UN

Ẹnìkan lè bèèrè pé: ṣé gẹ́èmù kò ní àwòrán tirẹ̀ ni? Ó ní. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ Wii jáde ní ọdún 2006, ẹni tí ń ṣeré lè ṣa ojú, imú àti irun jọ láti fi ṣe ènìyàn kékeré tí wọ́n pè ní Mii. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí lórí àtẹ, oníbàárà kò lè rí i rà. Ọmọbìnrin tí ó di ṣùkú tàbí kòlẹ́sẹ̀ lè wá irun orí rẹ̀ títí nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kí ó má rí i. Àwọn àwòrán ojú kéékèèké tí gbogbo wa fi ń ránṣẹ́ lórí fóònù pàápàá, ọdún 2015 ni a tó fi àwọ̀ ara oríṣi márùn-ún kún ètò wọn.

Ní ọdún 2018, ọ̀dọ́ ayàwòrán kan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, O'Plérou Grebet, bẹ̀rẹ̀ sí ya àwọn oúnjẹ, aṣọ àti ìṣesí ilẹ̀ Áfíríkà ní irú àwòrán kéékèèké bẹ́ẹ̀. Ó ń ya ẹyọ kan lójoojúmọ́ títí ọdún náà fi pé, ó sì fi wọ́n síta kí àwọn ènìyàn lè máa lò wọ́n. Kò dúró de ẹni tí yóò bá a ṣe é. Ìdí kìn-ín-ní nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá ayàwòrán: wọ́n ń fẹ́ ojú tí ó jẹ́ tiwọn.

Ìdí kejì ni ẹgbẹ́. Àwọn tí ó jọ ń ṣeré a máa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn a sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Wọn a ké sí ayàwòrán kan ṣoṣo láti ya gbogbo wọn ní irú ìlà kan náà àti àwọ̀ kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹbí bá dá aṣọ ẹbí. Aṣọ kan náà ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ní ọ̀nà tí ó gbà rán tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ní ogún ènìyàn lè di iṣẹ́ ogún àwòrán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìdí kẹta ni ààbò. Ọmọdé tí ó fi fótò ara rẹ̀ síta ti fi ojú rẹ̀ han ẹni rere àti ẹni búburú. Èyí tí ó fi àwòrán rọ́pò rẹ̀ lè bá ẹgbẹ́ ṣeré kí ojú rẹ̀ má di ohun tí àjèjì ń wò. Ó yẹ kí àwọn òbí fi èyí sọ́kàn.

BÍ A TI Ń ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Ohun àkọ́kọ́ ni gbígbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà. Kí ni orúkọ rẹ̀ nínú eré? Ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní Àgbọ́nrín lè fẹ́ ìwo lórí. Àwọ̀ wo ni ó fẹ́ràn? Ṣé fìlà abetí-ajá ni yóò dé ni, tàbí gèlè ni yóò wé? Ṣé ó ní ilà pélé, ṣé ó sì fẹ́ kí á fi í hàn? Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní àǹfààní kan nínú èyí. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Ígbò àti Haúsá ni ó jọ ń gbé ní àdúgbò náà. Ẹni tí ó dàgbà níbẹ̀ ti fi ojú rí oríṣiríṣi ìmúra tí ayàwòrán ibòmíràn yóò ní láti wá nínú ìwé.

Ohun kejì ni àkọ́yà. Kí ayàwòrán fi pẹ́ńsù ya oríṣi méjì tàbí mẹ́ta láìkun ọ̀dà, kí ó fi wọ́n ránṣẹ́, kí oníbàárà sì mú ọ̀kan. Ó rọrùn láti pa ìlà pẹ́ńsù rẹ́ ju kí á tún àwòrán tí a ti parí ṣe lọ.

Ohun kẹta ni fífa ìlà àti kíkun àwọ̀. Krita, tí ó wà fún kọ̀ǹpútà, jẹ́ ètò ìyàwòrán tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. IbisPaint sì ṣeé lò lórí fóònù. Àwọn ètò wọ̀nyí ń jẹ́ kí á yàwòrán ní ìpele-ìpele, bí ẹni pé a to ọ̀rá tí ó mọ́ gaara lé ara wọn. Ìlà wà lórí ọ̀kan, àwọ̀ ara wà lórí èkejì, aṣọ wà lórí ẹ̀kẹta. Bí oníbàárà bá ní kí á yí aṣọ pupa padà sí àwọ̀ aró, ìpele aṣọ nìkan ni a ó fọwọ́ kàn, ojú àti irun yóò sì wà bí wọ́n ti wà.

Ohun kẹrin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, ni dídín àwòrán náà kù láti dán an wò. Lórí Discord, níbi tí àwọn onígẹ́èmù ti máa ń péjọ láti sọ̀rọ̀, inú òbíríkítí kékeré ni àwòrán náà máa ń hàn. Ohun tí ó bá wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ge kúrò. Nítorí náà, kí ojú gba ààyè púpọ̀, kí ìlà nípọn, kí àwọ̀ ẹ̀yìn sì yàtọ̀ gedegbe sí àwọ̀ ara. Ẹ dín in kù títí yóò fi tó èékánná àtàǹpàkò, kí ẹ na ọwọ́ síwájú, kí ẹ sì wò ó. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ó jẹ́ mọ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Ti gẹ́èmù Minecraft tilẹ̀ tún le ju èyí lọ: gbogbo awọ ara ènìyàn inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àmì aláwọ̀ 64 ní ìbú àti 64 ní òró, èyí tí í ṣe 4,096. Níbẹ̀, ilà ojú kan lè jẹ́ ẹyọ àmì kan péré.

Ohun karùn-ún ni títọ́jú iṣẹ́. Kí á máa fi iṣẹ́ pamọ́ léraléra, nítorí iná lè lọ nígbàkigbà. Kí á fún oníbàárà ní ẹ̀dà PNG, èyí tí ó lè jẹ́ kí ẹ̀yìn àwòrán ṣófo bí a bá fẹ́, kí á sì pa èyí tí ó ní ìpele mọ́ sí ibi méjì.

ÀDÉHÙN ÀTI ÒFIN

Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yà ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n dá àdéhùn yóò ṣe lébìrà lásán. Kí á kọ àdéhùn sílẹ̀ kí á tó fa ìlà kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lórí fóònù: iye owó, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, iye ìgbà tí a ó tún un ṣe láìgba owó mìíràn, àti ohun tí oníbàárà yóò lò ó fún. Ó dára kí á gba ìdajì owó kí á tó kun àwọ̀. Kí owó tó pé, ẹ̀dà kékeré tí a kọ orúkọ ayàwòrán gba àárín rẹ̀ kọjá nìkan ni kí á fi han oníbàárà.

Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn ayàwòrán. Òfin Àṣẹ-Ẹ̀dà ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọnà fún ẹni tí ó ṣe é, ẹ̀tọ́ náà yóò sì wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Pé oníbàárà bẹ ayàwòrán ní iṣẹ́ tí ó sì sanwó kò sọ oníbàárà di oní-ẹ̀tọ́ náà, àfi bí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sanwó kí ó lè fi àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kò tíì sanwó fún títẹ̀ ẹ́ sí ara ẹ̀wù fún títà. Bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá owó mìíràn.

Òfin yìí kan náà ni ó so ayàwòrán lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ kí ó sì pè é ní tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ ya ojú ẹni tí ó wà láàyè fún ẹni tí yóò fi í lu jìbìtì. Láti ọdún 2022 ni àwọn ẹ̀rọ tí a ń sọ ọ̀rọ̀ fún tí wọ́n sì ń ya àwòrán ti tàn kálẹ̀. Bí ayàwòrán bá lò wọ́n, kí ó sọ òtítọ́ fún oníbàárà. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ti là á yé àwọn ènìyàn ní ọdún 2023 pé òfin ibẹ̀ kì í dáàbò bo àwòrán tí ẹ̀rọ dá ṣe láìsí ọgbọ́n ènìyàn nínú rẹ̀. Ohun tí oníbàárà ń rà ni etí tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin pélé àti àbàjà.

ÀǸFÀÀNÍ TI ILÉ

Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tuntun ní Ajégúnlẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ẹgbẹ́ Paradigm Initiative, èyí tí 'Gbenga Sesan dá sílẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ètò Ajegunle.org láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà ní iṣẹ́ tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ àwòrán kò ní láti fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìṣirò ni yóò fi dá owó lé iṣẹ́. Mímọ̀ ọ́n kọ ni yóò fi dá àdéhùn.

Gbogbo wa ni a mọ ìyà tí ẹrù ń jẹ kí ó tó wọ èbúté Àpápá. Ọkọ̀ àjàgbé tò sí ojú títì títí, tí ó fi di pé ní ọdún 2021 a gbé ìlànà kan kalẹ̀ láti máa pè wọ́n wọlé ní ẹsẹẹsẹ, tí a sì sọ ọ́ ní Ètò. Àwòrán tí a yà ní Ajégúnlẹ̀ kò nílò ọkọ̀ àjàgbé, kò nílò ọkọ̀ òkun, kò sì dúró ní ojú títì. Ní ìṣẹ́jú kan, ó ti dé ọwọ́ oníbàárà ní òkè òkun. Àwọn tí ó sọ àdúgbò náà ní Ajégúnlẹ̀ gbà pé ajé lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ àwòrán ràn án lọ́wọ́ láti kọ àdéhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ dáradára, kí ó sì jókòó tì í nígbà tí ó bá ń kà á.